Bùwátì Tí A Gbàgbé Nígbà Iléyá

Àlàmísì, 5 oṣù kẹfà

Fortunée tún padà wá sí labo, yàrá àyẹ̀wò wa, lónìí. Mo rí i látẹnu ọ̀nà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀, inú mi sì bà jẹ́ kíá. Aránṣọ ni ní Lagbé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà ni wọ́n gún un sí itan ní oṣù kọkànlá èṣí. Ojú abẹ́rẹ́ náà wú, ó tú, kò sì jiná mọ́. Ẹnu mẹ́rin ni egbò náà ní báyìí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi ni mo ka àyẹ̀wò rẹ̀ nínú oṣù kejì. Mo fi àwọ̀ kun omi egbò náà, mo rí kòkòrò gbọọrọ tó pupa lábẹ́ ẹ̀rọ awò, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé "positif". Nílé ìwòsàn wa níbí, bí wọ́n bá ti gbọ́ kòkòrò pupa gbọọrọ, kò sí ohun mìíràn lọ́kàn ẹnikẹ́ni ju ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ. Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó ti lò ó fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò fo ọjọ́ kan, egbò náà kàn ń gbòòrò sí i ni.

Dókítà Augustin ti wá fún un lọ́jọ́. Ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ó máa gé gbogbo ẹran tó ti bà jẹ́ nínú itan náà kúrò. Ó ní ẹsẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé á tún lágbára tí yóò fi wa ẹ̀rọ.

Fortunée bi mí pé, "Tàntí, ṣé ẹ lè tún un wò fún mi kó tó dọjọ́ náà? S'il vous plaît."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gba omi egbò náà, mo gbìn ín sínú bùwátì ẹlẹ́jẹ̀ méjì, àwo kékeré onídèérí, kí kòkòrò inú rẹ̀ rí nǹkan jẹ, mo kó wọn sínú étuve, àpótí oníná, kí ooru máa mú wọn. Ọ̀la ni Iléyá. Amandine, ẹnìkejì mi ní labo, á wò wọ́n ní Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ẹran, ẹran, ẹran. Ọwọ́ mi ń rùn bí àgbò. Iná ti lọ láti àná, òjò ò sì jẹ́ ká sá ohunkóhun. Ìyá ọkọ mi ní kí n má tíì jókòó.

Àtàláátà, 10

Ojú tì mí lónìí, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láti ọdún mẹ́fà tí èmi àti Amandine ti jọ ń ṣiṣẹ́, àdéhùn wa ò yẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ ọdún mùsùlùmí, òun á dúró. Bó bá jẹ́ ọdún onígbàgbọ́, èmi á dúró. Lọ́dún yìí, Iléyá bọ́ sí Jímọ̀, Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àtìní náà sì tún jẹ́ ìsinmi. Amandine rò pé nítorí Pẹ́ńtíkọ́sì, èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi rò pé nítorí Iléyá, òun ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ilẹ̀kùn labo ò ṣí, iná ò sí, étuve tutù bí ilẹ̀.

Músíọ̀ Hugues, ọ̀gá wa, ti dé ṣáájú wa lárọ̀ọ́. Ọjọ́ méjì péré ló gbà kí bùwátì lò lọ́dọ̀ wa, torí étuve kò láyè. Bó bá ti di ọjọ́ kẹta, ìdọ̀tí ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ọjọ́ márùn-ún, cinq jours! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, tout de suite!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Amandine wí. 

A kó wọn. Bùwátì Fortunée ló kẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, bóyá ẹ̀rí ọkàn ni. Nǹkan kan ti hù níbẹ̀, kéékèèké, funfun, ojú rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí èérún gàrí. Mo gbé èkejì. Ohun kan náà. Kò sì hù káàkiri bí ìdọ̀tí tó bọ́ síbẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ojú ipa tí mo fa ọwọ́ gbà nígbà tí mo ń gbìn ín ló tẹ̀ lé, gẹ́lẹ́ gẹ́lẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó ní márùn-ún. Mo lo ogún. Mo fi àwọ̀ kùn ún, mo ṣan án, mo wò ó. Pupa fòò! Kòkòrò gbọọrọ pupa ni gbogbo wọn, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀!

Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe báyìí. Tòun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó yọjú, kì í sì í fẹ́ràn bùwátì ẹlẹ́jẹ̀ wa. Ohun tó bá pupa báyìí tó sì hù láàárín ọjọ́ márùn-ún, ìbátan rẹ̀ ni, àwọn tó máa ń yára hù. Wọ́n kọ́ wa ní orúkọ wọn nílé ẹ̀kọ́ ní Kútọnu, ìlà méjì péré nínú ìwé mi. Mo há a sórí nítorí ìdánwò, ìdánwò parí, mo gbàgbé. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í sábà ran irú wọn.

Músíọ̀ Hugues wò ó, ó gbọn orí. "Omi ni. Omi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣan gíláàsì. Irú wọn kún inú omi."

Inú bí mi gan-an, nítorí ó lè jẹ́ òótọ́.

Àlàrùbá, 11

Dókítà Augustin gbọ́ mi lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn.

"Madamu Hàsíátù, mi ò lè fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìdánwò nítorí bùwátì tí ẹ gbàgbé. Ẹ mú ẹ̀rí wá."

"Ẹ bá wa sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà síwájú."

"Non. Egbò náà ń jẹ wọlé. Bí ẹ bá mú orúkọ kòkòrò náà wá, tí ẹ mú oògùn tó lè pa á wá, kí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n tó pé, mi ò ní fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa gé e."

Mo ka ọjọ́ tó kù: mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà mo pe Fortunée lórí tẹlifóònù.

Àlàmísì, 12

Òjò láti ìdájí. Fortunée gun zẹ́mì, ọ̀kadà, wá láti Lagbé, ó rin gbingbin. Amandine bọ́ bùlúùsù funfun tirẹ̀, ẹ̀wù iṣẹ́ wa, fún un kó fi bora.

Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà tó wú tí kò tíì tú. Ibẹ̀ ni mo fi abẹ́rẹ́ fa omi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún mi pé ìdọ̀tí òde ló wọ̀ ọ́. Mo gbìn ín sínú bùwátì mẹ́rin. Méjì wọ étuve. Méjì tó kù, mo gbé wọn sórí pẹpẹ nínú yàrá, níbi tí kò gbóná jù, nítorí mo rò ó pé nígbà tí ti àkọ́kọ́ hù, étuve ò kúkú gbóná rárá. Mo wá gbin omi ẹ̀rọ wa sínú bùwátì tirẹ̀, omi ìṣangíláàsì sínú tirẹ̀, àwọ̀ pupa náà sínú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé omi ni, kí ó fara hàn.

Bí mo ṣe ń dì í, mo bi í pé, "Ta ló tiẹ̀ gún ẹ lábẹ́rẹ́ yẹn?"

"Bàbá Ògúndípẹ̀ ni, Tàntí, ti ẹ̀yìn ilé wa. Ẹ má bínú sí wọn o, wọ́n mọ́ tónítóní. Òwú wọn gan-an, inú agolo ọtí ló ń gbé, kì í gbẹ láéláé."

"Kì í gbẹ? Ọtí kì í fẹ́ lọ?"

"Bó bá ti fẹ́ gbẹ, wọ́n á bu omi kànga díẹ̀ sí i. Donc, kì í gbẹ."

Mo wo Amandine. Amandine wò mí. Mo rántí ohun tí ọ̀gá sọ, pé irú kòkòrò yìí kún inú omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ọjọ́ kejì. Kò sí nǹkan kan. Ṣé mi ò mọ̀ pé kò tíì tó àsìkò ni? Mo mọ̀. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àtìní, 16

Ó TI HÙ!

Mi ò tíì bọ́ ìborùn mi tí mo ti dé ìdí pẹpẹ. Bùwátì méjèèjì tó wà níbẹ̀, èérún gàrí, gẹ́lẹ́ lójú ipa ọwọ́ mi. Ọjọ́ kẹrin! Àwọn tó wà nínú étuve, òfo, ojú wọn ń dán. Kòkòrò yìí ò fẹ́ ooru. Ọdún mélòó ni a ti ń ti irú rẹ̀ mọ́ inú ooru, tí a tún ń jù ú nù ní ọjọ́ kejì, tí a ń kọ "kò sí ohun tó hù"? Mo rò ó, orí mi wú.

Amandine pariwo débi pé àwọn aláìsàn tó tò síta dìde. "Ìyá Faridatou! Ìyá Faridatou, ẹ̀yin náà ẹ wò ó!" Orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí. Ó dì mọ́ mi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bi tábìlì ṣubú. Mo fi àwọ̀ kùn ún: pupa. Bùwátì omi ẹ̀rọ hu nǹkan yíyọ̀ kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo fi àwọ̀ kan náà kùn ún: búlúù, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Omi ìṣangíláàsì àti àwọ̀ pupa, kò sí nǹkan.

Músíọ̀ Hugues jókòó sí ìdí ẹ̀rọ awò náà pẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Bon. Kì í ṣe omi wa. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, Madamu. Ẹ kọ orúkọ ara yín sí i."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́. Kò yìn mí rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Àtàláátà, 17

Ibi tí agbára wa mọ nìyẹn. Láti mọ orúkọ rẹ̀ gan-an àti oògùn tó ń pa á, àfi labo ńlá ní Kútọnu. Amandine gbé e lọ fúnra rẹ̀, nínú páálí mẹ́ta tó wọ inú ara wọn, ó gba Àjàṣẹ́ lọ. Ó ní gbogbo ọ̀nà lòun fi gbé e lé itan bí ọmọ tuntun, awakọ̀ ń bi í bóyá ẹyin ni. Tòmátì ti gbówó lórí ní ọjà, mo fi ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ nìkan se ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn, àyàfi Jẹ́láàní ọkọ mi, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan tuntun.

Jímọ̀, 20

Lẹ́yìn ìrun, èmi àti Amandine lọ sí Lagbé lọ́dọ̀ Bàbá Ògúndípẹ̀.  Àgbàlagbà ni, ó ti ṣe òṣìṣẹ́ ìlera rí, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún un, ó sì fún wa ní àga àti omi kí a tó kí i tán.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn sọ pé, "Bàbá, a wá tọrọ òwú díẹ̀ nínú agolo yín. A fẹ́ mọ ibi tí àìsàn Fortunée ti wá."

Ojú rẹ̀ le. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gún abẹ́rẹ́. Ṣé èmi ni mo ṣe ọmọ yẹn léṣe?"

"A ò tíì mọ̀, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí a fi wá."

Ó dìde. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé agolo náà jáde, tìdérítìdérí. "Ẹ mú gbogbo rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ òun ni, mi ò fẹ́ kó sùn nínú ilé mi."

Mo gbin òwú náà kí n tó lọ sílé. Orí pẹpẹ ló wà.

Àtìní, 23

Kútọnu pè! Mycobacterium chelonae. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi kí n tó rí ìwé. Mo ń pè é lójú ọ̀nà títí mo fi délé, Faridatou ọmọ mi bi mí bóyá orúkọ ọ̀rẹ́ mi tuntun ni.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó. Ọkùnrin tó pè mí sọ pé oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn ni pé oṣù mẹ́ta tí Fortunée fi ń gbé oògùn mì, lásán ni. Èyí tó máa pa á, wọ́n ṣì ń dán an wò. Àlàmísì ni wọ́n máa kà á. Àlàmísì! Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa gé e!

Àtàláátà, 24

Òwú inú agolo ti hù. Èérún gàrí kan náà, pupa kan náà, ọjọ́ kẹrin. Músíọ̀ Hugues ní kí a fi í ránṣẹ́ sí Kútọnu kí wọ́n bá wa fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n bára tan.

Mo pe Bàbá Ògúndípẹ̀.  Ó ní, "Mo gbọ́." Ní ìrọ̀lẹ́ ni Fortunée fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé bàbá náà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi gbogbo ẹni tó ti gún lábẹ́rẹ́ bóyá ojú ibẹ̀ wú. Ẹni méjì ló ti rí. Ó ní kí wọ́n wá bá wa. Mo bọ̀wọ̀ fún un.

Àlàmísì, 26

Wọ́n ti dá Fortunée dúró sí wọ́ọ̀dù láti àárọ̀. Wọ́n ti fá itan rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ọ̀la. Mo lọ kí i, ó ní, "Tàntí, ṣé wọ́n ti pè?" Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, ó kọjú sí ògiri.

Aago mẹ́wàá, kò sí ìpè. Aago méjìlá. Mo ka ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo gbàgbé pé mo ti kà á. Mo pe Kútọnu, wọn ò gbé e. Amandine gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó ní mo máa fọ́ ọ. Aago mẹ́ta kọjá. Mo kí ìrun Àsárì, mi ò mọ ohun tí mo kà.

Mo ń ká ẹní lọ́wọ́ ni tẹlifóònù dún.

"Clarithromycine, sensible," ni ọkùnrin Kútọnu náà wí, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka iye owó. Oògùn tó ń pa á nìyẹn. Ó tún dárúkọ ìkejì tó lè bá a rìn. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní ó ti wọlé.

Mo sáré. Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo sáré kọjá àgbàlá nínú ẹrẹ̀, sálúbàtà mi kan kù sẹ́yìn. Dókítà Augustin ka ìwé náà lórí tẹlifóònù mi, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi kan tó wà nílẹ̀ lásán. Ó lọ síbi pátákó iṣẹ́ abẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúkọ Fortunée kúrò.

"Oṣù méjì," ló wí. "Mo fún oògùn yín ní oṣù méjì. Bí kò bá ṣe é, orúkọ náà á padà síbẹ̀."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Fortunée, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìyẹn ni pé mo lè jẹun lálẹ́ yìí?" Èmi ni mo sunkún.

Àlàmísì, 10 oṣù keje

Ọ̀sẹ̀ méjì lórí oògùn tuntun. Èébì ń gbé e, egbò náà ṣì ń ṣomi. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Mo máa ń rí pátákó yẹn lọ́kàn mi.

Àwọn méjì tí Bàbá Ògúndípẹ̀ rán wá, bùwátì tiwọn náà ti hù, ọjọ́ kẹrin àti ọjọ́ karùn-ún. Ìyẹn ni pé wọn ò ní gbé oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kankan mì. Músíọ̀ Hugues lẹ ìwé mọ́ ara étuve fúnra rẹ̀: egbò tí kò bá jiná, bùwátì rẹ̀ á lo ọjọ́ méje, ìdajì nínú ooru, ìdajì lórí pẹpẹ. Ó fi bíìkì pupa fa ìlà sábẹ́ "méje" lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àtìní, 28 oṣù keje

Ẹnu méjì ti pa dé! Mo fojú ara mi rí i. Ó ku méjì.

Àtàláátà, 26 oṣù kẹjọ

Oṣù méjì pé lónìí. Dókítà ní kí n tún gba omi egbò náà, kí a mọ̀ bóyá kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Mo to bùwátì mẹ́rin sílẹ̀, mo kọ orúkọ Fortunée sára wọn. Ó gorí ibùsùn, ó ká ìró rẹ̀ sókè.

Mo mú òwú orí igi, mo fi tẹ ibẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ látòkè, mo tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, mo fi ìka kàn án yíká.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Rárá, Tàntí. Ó ń rìn mí." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Òwú náà gbẹ táútáú.

Músíọ̀ Hugues yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. "Omi egbò náà dà, Madamu? Mo fẹ́ kọ nọ́ńbà sí i."

"Kò sí, ọ̀gá. Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Ó wá. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó nà sẹ́yìn, ó sì wí fún Fortunée pé, "Oògùn ṣì ku oṣù méjì o, má fi í ṣeré." Ó jáde kíákíá, ó ní nǹkan wọ òun lójú.

Mo mú ìwé àyẹ̀wò. Níbi tí a máa ń kọ ohun tí a gbà sí, mo kọ ọ́ ní Faransé bí dókítà ṣe ń fẹ́ ẹ, láìkánjú: Rien à prélever. Plaie fermée. Kò sí ohun tí a lè gbà, egbò ti pa dé. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo nu orúkọ Fortunée kúrò lára bùwátì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì kó wọn padà sínú fíríìjì, nítorí kò sí nǹkan láti gbìn.